Ìtàn Ayétòrò Létí Òkun, Ìlú tí Ẹnikẹ́ni Kò Ní Àpò Tirẹ̀

Ní ọjọ́ kan tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ìgbọ́wọ́lé ní ìjọ wa ní Èrúwà, a kan ibi tí a gbé sọ bí àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ní Jerúsálẹ́mù ti ń ta ilẹ̀ àti ilé wọn, tí wọ́n sì ń kó owó rẹ̀ wá síwájú àwọn Àpọ́sítélì, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi pe ohun kan ní tirẹ̀. Ọmọdébìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Tíṣà, ṣé ẹnì kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní ilẹ̀ Yorùbá?" Mo dá a lóhùn pé wọ́n ti ṣe é rí, kì í sì í ṣe ilé kan tàbí agbo ilé kan ni ó ṣe é, odindi ìlú ni, fún bí ọdún mọ́kànlélógún. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mò ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ ìtàn náà sílẹ̀, kí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi lè rí ohun kan kà fún àwọn ọmọ tí ó bá bi wọ́n ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ayétòrò ni orúkọ ìlú náà. Mo mọ̀ pé bí ará Ìbàràpá bá gbọ́ orúkọ yìí, ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí Ayétòrò ti ilẹ̀ Yewa, èyí tí kò jìnnà sí wa púpọ̀. Kì í ṣe èyí ni mo ń wí. Ayétòrò tí ìtàn yìí dá lé lórí wà ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní etí òkun gan-an, ní ibi tí ó ti di Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Ẹni tí ó bá ń lọ síbẹ̀ yóò wọ ọkọ̀ ilẹ̀ dé Ìgbókòdá, níbẹ̀ ni yóò sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwa tí a dàgbà láàrin òkè àti àpáta, tí a ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo àti ẹ̀gúsí, tí odò Ọ̀fíkì sì jẹ́ omi ńlá lójú àwọn ọmọ wa, yóò ṣòro fún wa láti fi ojú inú wo irú ibùgbé bẹ́ẹ̀. Ẹrẹ̀ ni, iyanrìn ni, omi sì ni. Wọn a ri òpó igi mọ́lẹ̀, wọn a kọ́ ilé lé e lórí, wọn a sì fi pákó tẹ́ ọ̀nà láti ojúlé kan dé èkejì. Òkun ni oko wọn.

Láti mọ bí ìlú náà ṣe bẹ̀rẹ̀, a níláti padà sẹ́yìn sí 1925. Ní ọdún náà ni Moses Orímọládé Túnọlásẹ̀, ọmọ Ìkàrẹ́, àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí í jẹ́ Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, dá ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó. Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ pé láti inú ìjọ Áńgílíkà tiwa ni Abíọ́dún ti jáde. Ẹgbẹ́ àdúrà ni wọ́n kọ́kọ́ pe ara wọn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí aṣọ funfun wọn fi kún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, títí dé àárín àwọn apẹja Ìlàjẹ. Nínú àwọn tí ó gba ìhìn yìí níbẹ̀ ni àwọn kan ti yọ, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́. Wọ́n ń wàásù lòdì sí ẹbọ àti òrìṣà. Àwọn ará Ayétòrò a sì máa fi yé ni pé ọ̀kan nínú ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ ni pé àwọn baba wọn kọ̀ jálẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ pa àwọn ìbejì mọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé mi tí ẹ mọ Ìgbó-Ọrà, tí ẹ mọ bí ìbejì ti pọ̀ ní àdúgbò wa tó, tí a sì ń ṣe àjọ̀dún fún wọn, ẹ lè má lè gbà á gbọ́ pé ìgbà kan wà tí ènìyàn lè tìtorí ìbejì jẹ ìyà. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó rí. A ṣe inúnibíni sí wọn lọ́pọ̀lọpọ̀, títí wọ́n fi pinnu pé àwọn yóò fi ìlú àwọn baba wọn sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1947 ni wọ́n tẹ Ayétòrò dó sórí iyanrìn kan tí kò sí ẹni tí ó ń jìjàdù rẹ̀. Láìpẹ́, wọ́n fi ẹnu kò pé ohun gbogbo yóò di ti gbogbo ènìyàn. Lójú tèmi, kì í ṣe ìwé ni ó kọ́kọ́ kọ́ wọn ní èyí. Àwọn tí a jùmọ̀ nà, tí a sì jùmọ̀ lé jáde, tí wọn kò ní ju ìwọ̀nba àwọ̀n àti ọkọ̀ díẹ̀ lọ, wọn yóò jùmọ̀ jẹun ná kí ẹnikẹ́ni tó rántí láti wá ẹsẹ Bíbélì tí ó bá a mu.

Báyìí ni ètò wọn ti rí. Apẹja tí ó ti òkun dé kì í gbé ẹja rẹ̀ lọ sí ilé. Ti ìlú ni. Nígbà tí a bá ta ẹja náà, owó rẹ̀ a wọ àpò ìlú, ọwọ́ ọba àti àwọn àgbà ni àpò náà sì wà. Ọba kan náà ni olórí ìjọ, Ògèlóyìnbó ni orúkọ oyè rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í san owó iṣẹ́ fún ẹnìkejì rẹ̀. Oúnjẹ, aṣọ, bàtà, ọṣẹ, láti ọwọ́ ìlú ni olúkúlùkù ti ń gbà á gẹ́gẹ́ bí àìní rẹ̀ ti rí. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ní Ayétòrò, wọ́n wá ọ̀nà tí ẹnìkan kò fi ní í wà láìní. Àwọn ọkùnrin ní apá tiwọn nínú ìlú, àwọn obìnrin sì ní tiwọn, ojú ọ̀nà ni ó pààlà láàrin wọn. Ọmọ tí ó bá ti gbọ́njú díẹ̀ a kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, a sì lọ máa gbé lọ́dọ̀ àgbàlagbà mìíràn tí yóò tọ́ ọ, kí ìfẹ́ ilé kan má baà ju ìfẹ́ ìlú lọ. Èyí ni ó nira fún mi jù nínú gbogbo ètò wọn. Mo ti gbìyànjú lọ́pọ̀ ìgbà láti rí ire inú rẹ̀, mo sì rí díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá rántí ìyá mi, ọkàn mi kì í gbà á.

Ohun kan tún wà tí a kò lè fò dá. Wọ́n gbàgbọ́ pé ikú kò ní ipa lórí ẹni tí ó bá fi òtítọ́ gbé inú ìlú náà. Kí olùkàwé fi èyí sí ọkàn, nítorí a ó tún padà bá a.

Ìlú náà là. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí a lè lò. Ní 1953 wọ́n ti ń tan iná mànàmáná, ní àkókò tí àwọn bàbá àgbà wa ní Èrúwà ń fi àtùpà kàwé. Wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń se ọṣẹ, wọ́n ń ṣe búrẹ́dì, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi fún ara wọn, wọ́n sì gbẹ́ ipa odò kan kí ọkọ̀ wọn lè rọ́nà kọjá. Onímọ̀ kan láti Kánádà, Stanley Barrett, lọ ṣe ìwádìí nípa wọn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1977. Gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn oníṣẹ́ ìwádìí bẹ́ẹ̀, ó fi orúkọ ìlú náà pamọ́; orúkọ tí ó wá fún un ni Olówó. Mo máa ń rò pé orúkọ yìí sọ ohun tí àlejò kọ́kọ́ rí. Barrett wo àwọn abúlé mìíràn ní ẹ̀bá ibẹ̀ tí ẹ̀sìn wọn jọ ti Ayétòrò, tí wọn kò sì là bẹ́ẹ̀, ó sì sọ pé àpò kan ṣoṣo náà ni ó dá ìyàtọ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yé àgbẹ̀. Bí igba apẹja bá ń jẹ èrè wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò lè ra ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí igba náà bá jẹun nínú ìkòkò kan, tí ìyókù sì wà nínú àpò kan, ẹ̀rọ yóò dé kí ọdún tó yí.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀, kí a wo òkè òkun, nítorí àwọn kan wà níbẹ̀ tí ọ̀nà wọn sún mọ́ ti Ayétòrò, tí wọ́n sì ti rìn ín pẹ́ jù wọ́n lọ. Ní ìlú Zürich, ní ilẹ̀ Swítsálándì, ní 1525, àwọn Kristẹni kan kọ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ti dàgbà, tí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ yan ọ̀nà Olúwa, ni kí a rì bọmi. Nítorí èyí a rì wọ́n sínú odò, a sun wọ́n nínú iná. Ó sì dunni pé àwọn tí ó ń pe ara wọn ní alátùn-únṣe ìsìn wà nínú àwọn tí ó pa wọ́n. Àlùfáà kan ní ilẹ̀ Hólándì, Menno Simons, fi ìjọ Páàdì sílẹ̀ ní 1536 láti darapọ̀ mọ́ wọn, láti ara orúkọ rẹ̀ sì ni a ti ń pe ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Mennonite. Ní ọdún kan náà ni a sun Jakob Hutter nínú iná ní Innsbruck. Àwọn ènìyàn tirẹ̀ ti ń ní ohun gbogbo ní àpapọ̀ láti 1528. Hutterite ni à ń pè wọ́n. Nígbà tí ó di 1693, Jakob Ammann ya apá kan sọ́tọ̀, àwọn wọ̀nyí ni Amish tí ń fi ẹṣin wọ́ kẹ̀kẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà títí di òní. Àwọn òjíṣẹ́ Mennonite dé ilẹ̀ wa pẹ̀lú ní 1959, ní agbègbè Úyò, ṣùgbọ́n àwọn yẹn kì í ṣe irú èyí tí ń sá fún ọkọ̀ àti iná.

Gbogbo àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ni ó sọ pé àwọn ń sá fún ayé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá bi wọ́n pé èwo ni ayé, ìdáhùn wọn kò jọ ara wọn. Ní 1922 ni àwọn Mennonite kan bẹ̀rẹ̀ sí kó kúrò ní Kánádà lọ sí Mẹ́síkò, nítorí pé ìjọba fẹ́ fi ipá mú ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé ìjọba. Nígbà tí wọ́n ra ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbà kí a fi táyà rọ́bà sí i; ẹsẹ̀ irin ni kí ó máa fi rìn. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Lẹ́yìn náà ni ìdí rẹ̀ wá yé mi: ẹ̀rọ tí ó ní ẹsẹ̀ irin yóò túlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan kò lè gùn ún lọ sí ìlú ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé. Lójú tiwọn, ayé wà ní ìparí ọ̀nà, wọ́n sì sọ ọ̀nà náà di ohun tí ń gbọ̀n ni lára. Àwọn Hutterite ní tiwọn kò bẹ̀rù ẹ̀rọ rárá. Wọ́n ń lo ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ tí ó tóbi ju ilé mi lọ. Àpò ara ẹni ni wọ́n ń bẹ̀rù. Nígbà tí àwọn ará abà kan bá pọ̀ jù, wọn a pín ara wọn sí méjì bí oyin, apá kan a sì lọ tẹ abà tuntun dó.

Ayétòrò jọ àwọn ìkẹyìn yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí ibi tí wọ́n ti gbọ́ nípa ara wọn. Iná mànàmáná wọlé, wọ́n kí i káàbọ̀. Ẹ̀rọ wọlé, wọ́n fi òróró sí i. Ohun tí wọ́n ń pè ní ayé kò ju ọ̀rọ̀ kékeré kan lọ: "tèmi."

Ọba àkọ́kọ́ wàjà ní àwọn ọdún 1960. Ẹ rò ó wò, nínú ìlú tí wọ́n ti gbàgbọ́ pé ikú kò ní wọ̀. Ikú ti ń wọ̀ ọ́ kí ó tó di ìgbà náà, wọ́n sì ti ń wá àlàyé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣe àlàyé ti ọba? Ọba kejì gorí ìtẹ́. Ní 1968 a kéde pé olúkúlùkù lè máa ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, nǹkan yára yí padà. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà rí owó, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò rí. Àwọn kan kọ́ ilé tí ó dára ju ti aládùúgbò wọn lọ, ohun tí ojú kò rí níbẹ̀ rí. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ wálẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀dọ́ sì ń bá ọkọ̀ lọ sí Èkó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ènìyàn lẹ́bi yóò rí ẹni dá lẹ́bi. Ó lè sọ pé ọba kejì ni, tàbí pé àwọn àgbà tí ó di àpò mú ni, tàbí pé Èkó ni. Mo ti ka ọ̀rọ̀ náà sókè sódò, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí ó tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn baba wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ayétòrò kọ́ ọmọ wọn! Ọwọ́ ìlú ni wọ́n fi kọ́ wọn. Wọ́n kọ́ wọn ní ìwé, wọ́n kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n kọ́ wọn ní àdúrà. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni èyí. Àwọn baba fi ara nínà ra májẹ̀mú náà. Olúkúlùkù wọn ní ọjọ́ kan tí ó lè tọ́ka sí, tí ó dúró láàrin ilé baba rẹ̀ àti ọkọ̀ tí ń lọ, tí ó sì wọ ọkọ̀. Àwọn ọmọ kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ ni a bí wọn sí. Wọ́n gba májẹ̀mú náà bí wọ́n ti ń gba oúnjẹ, pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ní 1968, ẹni tí a bí ní ọdún tí a tẹ ìlú dó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ó lè jẹ́ pé ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó fẹ́.

Àwọn Amish rí ewu yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí pé lórí ọ̀rọ̀ ìrìbọmi àgbà ni àwọn baba wọn kú lé. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wọn, ọ̀dọ́ a ní àkókò kan tí okùn ilé a tú díẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, kí ó tó wá fúnra rẹ̀ béèrè fún ìrìbọmi. Àwọn kan kì í padà wá. Àwọn òbí mọ̀ pé wọ́n lè má padà wá, síbẹ̀ wọ́n fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ ní ṣíṣí. Púpọ̀ ni ó ń padà.

Nísisìyí, èmi tí mò ń kọ èyí jẹ́ olùkọ́ni ní ìjọ Áńgílíkà. A rì mí bọmi nígbà tí n kò tíì lè mú orí mi dúró, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti gbé àwọn ọmọ mi lọ síbi ìwẹ̀ mímọ́. N kò kábàámọ̀ rẹ̀. Ìjọ wa náà sì ti gbìyànjú ọgbà yíyí ká rí: nígbà tí David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ dó sí Kúdẹ́tì ní Ìbàdàn ní 1853, wọ́n kó ọmọ jọ sínú ilé ara wọn kí wọ́n lè tọ́ wọn ní ọ̀nà titun. Ìgbọ́wọ́lé ni ibi tí a ti sọ pé ọmọ yóò fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́ ohun tí a jẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n kí a sọ òtítọ́ láàrin ara wa, ẹ̀yin olùkọ́. A ń kọ́ wọn ní kátíkísìmù, wọ́n ń kà á sórí, ìyá wọn ń rán aṣọ funfun, bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀, a ti pa ewúrẹ́. Nínú gbogbo èyí, níbo ni ọmọ náà ti rí àyè láti sọ pé òun kò tíì ṣe tán? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ka kátíkísìmù jù nínú gbogbo àwọn tí mo ti kọ́, tí kò ṣi ọ̀rọ̀ kan, lọ sí Ìbàdàn fún ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó wá kí mi lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, mo béèrè ìjọ tí ó ń lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Tíṣà, n kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ẹ ò bi mí rí ni."

Ayétòrò ṣì wà. Wọ́n ṣì ń jọ́sìn níbẹ̀, Ògèlóyìnbó ṣì ni oyè ọba wọn. Ṣùgbọ́n òkun tí ó jẹ́ oko wọn ti ń jẹ ìlú náà láti ọdún pípẹ́. Ó ti gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé lọ, àti ojú ọ̀nà, àti ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́ wà. Àwọn kan ti ṣí ilé sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ní 2004 a gbé iṣẹ́ ìdènà òkun kan jáde láti gbà wọ́n là, iṣẹ́ náà kò sì dé ibi tí ó yẹ. Àwọn ọmọ àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ipa odò ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba báyìí.

Mo ka ìtàn yìí fún kíláàsì mi bí mo ti kọ ọ́ dé ìhín. Nígbà tí mo parí, ọmọdébìnrin náà tún dìde. Ó ní, "Tíṣà, ká ní ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ṣé wọn ì bá bi mí?" N kò dá a lóhùn. Mo pa ìwé orúkọ tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù dé. Mo sọ fún àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá pé kí olúkúlùkù lọ sí ilé, kí ó rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹni tí ó bá fẹ́ padà wá fúnra rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé náà, àti pé n kò ní bá ẹni tí kò bá wá jà.

Mẹ́sàn-án ni ó wá. Bàbá ọ̀kan nínú àwọn méjì tí kò wá ti rán aṣọ ọmọ rẹ̀ tán, ó wá bá mi ní ilé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sì bínú gidigidi. Mo fún un ní àga àti omi. A jókòó títí oòrùn fi gòkè, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì parí láàrin wa.